A RÌN DÉ KÙMÁSÍ KÍ A TÓ RÍ ÒFÌ BÀBÁ

Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ní ti ìdílé tèmi, òdì kejì rẹ̀ ni ó ṣẹ sí wa lára. Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń fojú kéré oko baba wa. Ìgbà tí a dé oko baba ẹlòmíràn, ní ìlú Kùmásí ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni ojú wa tó là sí ohun tí a fi sílẹ̀ nílé.

ÒFÌ TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN ILÉ

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọkọ mi. Ẹni tí ó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé ìlú aṣọ òkè ni. Iṣẹ́ òfì ni bàbá ọkọ mi fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, òun náà ni ó fi rán ọkọ mi lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ọkọ mi jáde tí ó sì rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, kò sí ẹni tí ó tún rántí òfì mọ́. Bí a bá lọ kí Bàbá, a ó gbé ẹ̀bùn lọ, a ó jẹun, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà. Òfì náà wà níbẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, a kì í tilẹ̀ wo ọ̀nà ibẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, a lọ ṣe ọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 78. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n sọ fún wa wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò pé ojú àwọn kò ríran rí òwú tínínrín mọ́, àti pé bí ọdún bá ti parí, àwọn yóò ní kí wọ́n la òfì náà fún igi ìdáná.

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọbìnrin wa, ẹni ọdún 15, ni ó kúnlẹ̀ tí ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì là á. Ẹ kọ́ mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ojú tí màá fi kọ́ ọ gan-an dà?"

Ọmọ náà sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìbàdàn. Mo rò pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ó bá rí nípa aṣọ híhun, ó sì fi ìròyìn kan hàn wá pé nínú oṣù Kejìlá náà ni àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ kente híhun ti Gánà sínú ìwé àwọn àjogúnbá tí gbogbo aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ṣé kente yàtọ̀ sí ohun tí Bàbá àgbà ń hun ni?" Ọkọ mi kò dá a lóhùn.

A ti ń tu owó díẹ̀ jọ fún ìsinmi ìdílé. Dubai ni ọkọ mi ní lọ́kàn. Èmi ni mo sọ pé, bí ọmọ yìí bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, bóyá ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Báyìí ni a ṣe fi Dubai sílẹ̀ tí a sì dojú kọ Gánà ní ìsinmi Àjíǹde ọdún 2025.

ỌJỌ́ KAN, ORÍLẸ̀-ÈDÈ MẸ́RIN

Bọ́ọ̀sì ni a wọ̀ láti Èkó. Ìrìn-àjò náà lé ní 400 kìlómítà kí a tó dé Accra, a sì kọjá Bìní Olómìnira àti Tógò. A kò gba físà kankan, nítorí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni a mú dání.

Nígbà tí a wọ Gánà ní Aflao, a kọjá Agbozume, níbi tí àwọn ará Éwé ti ń hun kente tiwọn. Àwọn Éwé ní ọnà tiwọn tí ó yàtọ̀ sí ti Àṣáńtì: wọ́n a máa hun àwòrán ẹyẹ, ẹranko àti ènìyàn sínú aṣọ. Ọmọ wa lẹ ojú mọ́ fèrèsé ọkọ̀ bí ẹni pé ìlú wúrà ni a ń kọjá.

Àwọn àgbà tí ó ń ka ìwé yìí kò ní í gbàgbé pé ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun fún Yorùbá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí ti ń ṣòwò ní Gánà ṣáájú kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ìparí ọdún 1969. Ní ọdún 1983 ni ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà, inú rẹ̀ sì ni àpò tí a ń pè ní Ghana-Must-Go ti gba orúkọ. Irú àpò náà ni ọkọ mi kó ẹrù wa sí! Mo sọ fún un pé kò bójú mu, ó ní kò sí àpò mìíràn tí ó gba ẹrù tó bẹ́ẹ̀.

BONWIRE

A sùn ní Accra, a sì gba ọ̀nà Kùmásí ní ọjọ́ kejì. Ìlú ọba Àṣáńtì ni Kùmásí. Ní ààfin Manhyia, a wọ ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1925 fún Ọba Prempeh Kìíní, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a padà láti ìgbèkùn ní erékùṣù Seychelles. Láti ọdún 1995 ni ilé náà ti di ibi ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ṣùgbọ́n Bonwire ni ọmọ wa ń béèrè. Abúlé àwọn ahunṣọ ni, kò jìnnà sí Kùmásí ju bíi kìlómítà 18 lọ.

Kí a tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ: kà-kà-kà, kà-kà-kà. Ọkọ mi dúró gbọnrangandan. Ó ní, "Ìsẹ́yìn nìyí."

Ahunṣọ kan tí yóò tó ẹni 60 ọdún gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, ó ní, "Akwaaba," ìyẹn ni pé, ẹ káàbọ̀. Ó jókòó sínú òfì onígi. Òwú tí ó fẹ́ hun nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, òkúta ńlá kan sì wà lórí pákó ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tí ó fà á le dan-in-dan-in. Bí aṣọ ti ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Okùn wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ìdajì òwú yóò gòkè, ìdajì yóò sọ̀kalẹ̀. Yóò ju igi kékeré tí ó ru òwú kọjá láàárín wọn, yóò sì gbá a mọ́ra. Yóò tẹ ẹsẹ̀ òsì, yóò jù ú padà. Aṣọ tí ó ń jáde kò fẹ̀ ju bíi íńṣì 4 lọ. Ó ní irú rẹ̀ bíi 24 ni wọn máa ń rán pọ̀ kí ó tó di aṣọ ìbora ọkùnrin kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí òfì aṣọ òkè rí, ǹjẹ́ ẹ kò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n? Ohun tí ó mú ti wọn yàtọ̀ díẹ̀ ni pé òfì wọn ní ọ̀wọ́ okùn méjì tí ń gbé òwú sókè: ọ̀kan fún híhun lásán, èkejì fún ọnà tí ó máa ń ki bí búlọ́ọ̀kù aláràbarà láàárín aṣọ.

Ó sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ fún wa, pé ọdẹ méjì, Ota Karaban àti Kwaku Ameyaw, rí aláǹtakùn níbi tí ó ti ń ta okùn rẹ̀ nínú igbó. Wọ́n jókòó wò ó, wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi okùn ìko dán an wò, wọ́n gbé e lọ fún Ọba Osei Tutu. Ìtàn àwọn baba ńlá nìyẹn. Ohun tí àkọsílẹ̀ sì fi hàn ni pé láàárín ọdún 1700 sí 1800, àwọn ọba Àṣáńtì máa ń ra aṣọ ṣẹ́dà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, wọn a tú u fọ́nrán-fọ́nrán, kí àwọn ahunṣọ wọn lè fi òwú rẹ̀ hun tiwọn. Mo rántí pé ṣẹ́dà pupa tí àwọn baba tiwa fi ń hun àlàárì náà gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ. Sika Futuro ni eruku wúrà. Adwinasa ni èyí tí ahunṣọ fi gbogbo ọgbọ́n ọnà rẹ̀ sí títí tí kò fi kù mọ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n sọ ní "Fathia yẹ Nkrumah", ní orúkọ ìyàwó tí Ààrẹ Kwame Nkrumah fẹ́ láti Íjíbítì ní ọdún 1957. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní ọdún 1966, wọn kò jó aṣọ náà níná, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yí padà sí "ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìjọba ìlú". Òwú kan náà, ọnà kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn.

ÌBÉÈRÈ KAN

Ọmọbìnrin wa bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ jókòó sídìí òfì náà. Ahunṣọ yìí kọ́kọ́ wo ojú ọkọ mi. Ó ní láyé àtijọ́, èèwọ̀ ni kí obìnrin jókòó hun kente, ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà, àwọn obìnrin kan ti ń hun ún báyìí. Ó dìde fún un. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òwú sì lọ́ pọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni ọkùnrin náà bi ọkọ mi pé, "Bùrọ̀dá, ní ìlú tiyín, ta ní ń hun aṣọ?"

Ọkọ mi ní, "Bàbá mi."

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi fún ọdún 17, n kò rí i kí ọ̀rọ̀ há a lọ́fun bẹ́ẹ̀ rí. Kò dáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sínú òfì, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ há okùn, ó tú òwú tí ọmọ rẹ̀ lọ́ pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kà-kà-kà. Ó falẹ̀ díẹ̀, ó ṣàṣìṣe, ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ń hun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé.

Ẹnu ya àwọn ọmọ. Ẹnu ya èmi náà! Kò sọ fún mi rí pé òun mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó sọ pé Bàbá ti kọ́ òun láti kékeré, òun sì ń hun ún títí òun fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ òun ti ń pe òun ní "ọmọ ahunṣọ" tí wọ́n sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà ni òun ti pinnu pé òun kò ní í fọwọ́ kan òfì mọ́. Ó ní, "Bàbá kò bínú sí mi. Wọ́n kàn dákẹ́ ni." Ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

OHUN TÍ A RÍ NÍ NTONSO

Kí n má purọ́, kí a tó kúrò nílé, arábìnrin kan nínú ìjọ bi mí bóyá kì í ṣe ilé òrìṣà ni a ń kó àwọn ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́kàn mi nígbà tí a dé Ntonso, ìlú kejì tí kò jìnnà sí Bonwire, níbi tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ adinkra. Èèpo igi tí wọ́n ń pè ní badie ni wọ́n ń rẹ sómi, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń sè é títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú tí yóò sì ki. Wọn yóò gbẹ́ àmì sára akèrègbè, wọn yóò rì í bọ inú aró náà, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni láyé àtijọ́, fún ìdágbére fún ẹni tí ó lọ.

Àmì tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Gye Nyame. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "àyàfi Ọlọ́run". Mo ra ọ̀kan fún arábìnrin náà. Mo sì rántí Besaleli nínú ìwé Ẹ́kísódù, ẹni tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà kún inú rẹ̀, àti àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran òwú fún àgọ́ Olúwa. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a bá fi ṣe ni kí a máa ṣọ́.

Àmì kejì ni ọkọ mi rà fún ara rẹ̀. Ẹyẹ kan ni, ó yí ọrùn padà sẹ́yìn. Sankofa ni orúkọ rẹ̀: padà lọ mú un.

A PADÀ DÉ ÌSẸ́YÌN

A kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé tí a fi gba Ìsẹ́yìn lọ. Ẹ̀rù ń bà mí lójú ọ̀nà pé wọ́n ti lè la òfì náà. Ó ṣì wà níbẹ̀, adìyẹ ti yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Bàbá ní, "Kí lo ṣe?" Ó ní, "Bàbá, mo tijú iṣẹ́ yín." Bàbá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Dìde."

Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wa, Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ọmọ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Bàbá àgbà, ta ló hun kíjìpá tí ẹ máa ń bò sùn?" Bàbá wò ó. Ìyá wọn ni, lórí òfì òòró tí àwọn obìnrin ilé ń gbé ti ògiri láyé ìgbà náà. Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó lọ lé adìyẹ kúrò.

Báyìí, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, Ìsẹ́yìn ni ó ń lọ. Bàbá kò rí òwú dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà, wọn a sì mọ ibi tí ó ti wọ́. Aṣọ àkọ́kọ́ tí ó hun, wọ́n ní kí ó tú u. Èkejì náà, wọ́n ní kí ó tú u. Ẹ̀kẹta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ká a sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ọkọ mi náà máa ń jókòó sídìí rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí ó bá ráyè. N kò sọ pé yóò fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ mọ́ bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ta ni.

BÍ Ẹ̀YIN NÁÀ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ gba ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún gbogbo ẹni tí ó ń lọ, títí kan àwọn ọmọdé, kí ẹ sì gbà wọ́n ní kùtùkùtù. Ẹ ṣẹ́ owó yín sí sìdì Gánà, kí ẹ sì mú sẹ́fà díẹ̀ dání fún oúnjẹ ní Bìní àti Tógò. Ẹ gba ààyè kí ẹ tó ya fọ́tò ahunṣọ, kí ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Òógùn ojú rẹ̀ ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán kente sí pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ yí i sódì. Bí ọnà rẹ̀ bá ràn wẹ́ lẹ́yìn ju iwájú lọ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí a fi ọwọ́ hun, ọnà rẹ̀ hàn níwá lẹ́yìn, ẹ ó sì rí ojú rírán níbi tí wọ́n ti so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀. Kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí tí ń bọ̀ nílé níbí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bákan náà.

Ṣùgbọ́n bí owó Gánà kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Ta ni ó wà nínú ìdílé yín tí ó mọ adìrẹ ṣe, tí ó mọ ìkòkò mọ, tí ó mọ ẹní hun, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì í rí? Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsinmi yìí. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò sọ pé òun fẹ́ la òfì òun fún igi ìdáná. Àwa, a lọ, a bọ̀, a sì bá a láàyè.